Háàdì Dísíkì Tí Mo Fọ̀ Bí Ẹni Fọ Wàláà

Mo sín lẹ́ẹ̀kan nínú oko bàbá mi ní Òkè-Oyì, kọ̀ǹpútà mẹ́ta tó ti kú sí Ọjà Tuntun ní Ìlọrin dìde, wọ́n tan ojú wọn, wọ́n ń béèrè pé ta ló pè wọ́n. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó lọ bi àwọn kọ̀ǹpútà náà. Ẹ̀kẹrin wọn tí kò dìde, ẹ̀bi tèmi kọ́. Ẹni tó ni ín kò ki okùn iná rẹ̀ bọ ògiri.

Làmídì ni orúkọ mi. Àwọn ará ìgboro mọ̀ mí sí Làmídì Oníkọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ní tiwọn ń pè mí ní Bàbá Onírọ́, torí pé wọn ò tíì rí ayé. Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ báyìí. Ojú mi kò rí súkúrúù kékeré mọ́, ọwọ́ mi sì ti ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ẹnu mi ṣì dá ṣáká. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń rò ó pé iṣẹ́ wo ni kí ẹ kọ́, ẹ fa ìjókòó súnmọ́ mi. Bí ẹ bá gbọ́ tèmi tán, tí ẹ wá ní iṣẹ́ télọ̀ ló wù yín, mi ò ní bínú.

Òkè-Oyì ni wọ́n bí mi sí. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, ó ń gbin iṣu àti àgbàdo, ó sì ní òbúkọ kan tó gbọ́n jù mí lọ. Ilé kéwú ni mo kọ́kọ́ lọ. Fún ẹni tí kò bá débẹ̀ rí, jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń kàwé níbẹ̀. Pákó pẹlẹbẹ kan wà tí à ń pè ní wàláà. Ààfáà á fi tàdáwà kọ ẹsẹ kan sí i fún ọ. Ìwọ á máa ké e, wàá máa mì síwá, wàá máa mì sẹ́yìn, títí tó fi máa wọ orí rẹ. Bí Ààfáà bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ tí kò ṣì, á ní kí o lọ fọ̀ ọ́. Wàá bu omi, wàá fọ wàláà títí á fi mọ́, wọn á tún kọ òmíràn sí i. Kò sí ohun tó dùn mọ́ wa tó kí a fọ wàláà, nítorí wàláà tó mọ́ ni ẹ̀rí pé ọmọ ti mọ̀wé. Àwọn kan nínú wa tilẹ̀ máa ń mu omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́, kí ìmọ̀ náà má bàa ṣòfò. Èmi mu tèmi yó.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi mí sí ilé ìwé gẹ̀ẹ́sì. Mo dé ibi tí mo dé. Ọdún tí òjò kọ̀ tí iṣu bàbá mi kò ta ni ìwé tèmi parí, mi ò sì tíì mọ inú ọgbà sẹ́kọ́ńdírì dáadáa. Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbọ́ nígbà náà tó fi jà, kò tó fi tọrọ àforíjì.

Ìyá mi ló wá ọ̀gá fún mi. Ó máa ń kó iṣu lọ tà ní ọjà Ìpàtà ní Ìlọrin, obìnrin kan tó ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ sì sọ fún un pé ọkọ òun ń tún táípúráítà ṣe, pé ó ń wá ọmọ iṣẹ́ tó lè pa ẹnu mọ́. Ìyá mi búra pé n kì í sọ̀rọ̀. Òun náà ń parọ́, àjogúnbá ni nílé wa. Bí wọ́n ṣe fà mí lé ọ̀gá lọ́wọ́ nìyẹn. Ti àdéhùn àti ti owó kò gùn, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Ọ̀gá Jòṣúà ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, ó gùn bí òpó iná, kì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì, kì í sì í rẹ́rìn-ín àfi lọ́jọ́ Àìkú. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá Ọjà Tuntun: yàrá kan, tábìlì mẹ́ta, fèrèsé onírin, àti bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà ń jókòó lé. Òfin tó wà nínú yàrá yẹn pọ̀ ju èyí tó wà ní kóòtù lọ.

Òfin kìíní ni ti aṣọ. Kí o tó tú ohunkóhun, wàá tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì. Súkúrúù tó bá kọ́kọ́ jáde, ọwọ́ òsì ni wàá tò ó sí, èyí tó tẹ̀lé e á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ títí. Nígbà tí o bá ń dá wọn padà, ọwọ́ ọ̀tún ni wàá ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kan, mo to táípúráítà kan tán, súkúrúù kan ṣẹ́kù lórí aṣọ. Mo rọra fi ìgbọ̀nwọ́ tì í sílẹ̀, mo sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

"Làmídì."

"Ọ̀gá."

"Kí ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ?"

"Ilẹ̀ ni, sà."

"Gbé ẹsẹ̀ kúrò kí n rí ilẹ̀ náà."

Mo tú táípúráítà yẹn palẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti ń pe ìrun ìrọ̀lẹ́ kí n tó tò ó tán. Ọ̀gá kò bú mi, kò nà mí. Ó kàn jókòó tì mí, kò jẹun, kí èmi náà má bàa rí ẹnu béèrè oúnjẹ.

Òfin kejì ni ti dídán. Ọ̀gá gbà pé oníbàárà kò mọ inú ẹ̀rọ, ojú ló mọ̀. Táípúráítà tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù wa pẹ̀lú ìdọ̀tí, a gbọ́dọ̀ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ gbogbo ara rẹ̀, kí a ha gbogbo ìwé tó lẹ̀ mọ́ ọn kúrò, kí a nù ún títí tí olówó rẹ̀ á fi rí eyín ara rẹ̀ nínú irin. Níbi iṣẹ́ yìí, kò sí ẹni tó lè bá mi dù ú. Mo máa ń fọ táípúráítà débi pé àwọn kan ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wọn níwájú rẹ̀.

Òfin kẹta, ẹni tó bá ń ka nọ́ńbà lára ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ké e sókè, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ á sì ké e tẹ̀lé e. Èyí kò ṣòro fún èmi tó ti ilé kéwú wá. Ọ̀gá ní ohun tí etí méjì bá gbọ́ kì í tètè sọnù.

Ìparí àwọn ọdún 1980 ni kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú sí wa. Ọ̀gá rìnrìn àjò lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ìbàdàn. Nígbà tó dé, ó kó súkúrúù tó kéré bíi yánmọtí dé, ó sì tún kó òfin tuntun dé: kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan inú kọ̀ǹpútà, kó bọ́ bàtà, kó sì kọ́kọ́ di irin fèrèsé mú. Mo rò pé ìlànà ìjọ wọn ni. Mo wá ń sọ pé "Bismillah" kí n tó di irin náà mú, kí ọ̀dọ̀ méjèèjì lè gbà á. Ọ̀gá gbọ́ mi lọ́jọ́ kan.

"Sọ ohun tó bá wù ọ́," ó ní. "Ṣáà ti di irin mú."

Ọyẹ́ ló fi yé mi. Ẹni tó bá gbé Ìlọrin mọ ọyẹ́ ibẹ̀: ètè á là, ilẹ̀kùn á sún kì, aṣọ òtútù tí o bá ń bọ́ á máa ta pàrà lára rẹ. Iná kékeré tó ń ta yẹn, tó bá ti ìka rẹ bọ́ sínú kọ̀ǹpútà, ó ti pa á nìyẹn, o kò ní rí ojú ọgbẹ́. Irin fèrèsé ló ń gba iná náà lára wa. Mo pa kọ̀ǹpútà kan kí n tó gbà pé òótọ́ ni. Ohun tí a kò bá mọ̀, ó ju ni lọ.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, nínú ọyẹ́ bẹ́ẹ̀, ni ọ̀rọ̀ Àṣíátù ṣẹlẹ̀, òun sì ni mo tìtorí rẹ̀ pè yín jókòó.

Olùkọ́ ni Àṣíátù ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ààfáà àgbà kan ní agboolé wọn nítòsí Ìpàtà, ojú rẹ̀ ti fọ́, ara rẹ̀ kò sì le mọ́. Bàbá yìí nìkan ló kù láyé tó mọ bí àwọn baba ńlá wọn ṣe wọ ìlú, ẹni tó bí ẹni, ẹni tó kọ́ yàrá wo nínú agboolé náà. Àṣíátù ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan, ó ń jókòó ti Bàbá ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá ń sọ, òun ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti dé ìparí. Ohun tó kù ni kí Àṣíátù kà á fún Bàbá láti orí dé ìdí, kí Bàbá tún ibi tó bá wọ́ ṣe, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ohun tí Bàbá ń fẹ́ kó tó lọ bá Ọlọ́run rẹ̀ nìyẹn, kò fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ibì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà wà: inú háàdì dísíkì, ìyẹn àpótí irin pẹlẹbẹ tí kọ̀ǹpútà ń kó gbogbo ohun tí wọ́n bá tẹ̀ sínú rẹ̀ pamọ́ sí. Àárọ̀ ọjọ́ kan, háàdì dísíkì náà kọ̀, kò yí mọ́.

Àṣíátù ń mú Bàbá bọ̀ láti ọsibítù lọ́jọ́ náà, ó ti gbé kọ̀ǹpútà sínú búùtù takisí. Ó fẹ́ kí Bàbá dúró sínú ọkọ̀. Bàbá kọ̀.

"Ẹ mú mi wọlé," ó ní. "Èmi kì í ṣe ẹrù iṣu."

A fà á wọlé, a mú un jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ kí i.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ara ńkọ́?"

"À ń bẹ̀ ẹ́. Ṣé ìwọ ni oníṣègùn ẹ̀rọ náà?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ tó ń mí bí òbúkọ yìí?"

"Ọmọ iṣẹ́ mi ni. Làmídì."

"Ọmọ ibo?"

"Òkè-Oyì, Bàbá," ni mo dáhùn.

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀."

Ọ̀gá tú kọ̀ǹpútà náà, ó yọ háàdì dísíkì, ó gbé e sétí. "Ó ti lẹ̀," ó ní. "Àwo tó ń yí nínú rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ apá tó ń kà á. A lè mú un yí lẹ́ẹ̀kan sí i. Mi ò ṣèlérí ẹ̀ẹ̀kejì." Ó ní háàdì dísíkì àlòkù kan tó ti Èkó wá nínú dúrọ́ọ̀, ó so méjèèjì mọ́ kọ̀ǹpútà náà, kí ògbólógbòó lè da ohun tó wà níkùn rẹ̀ sínú tuntun.

Kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn kò gbọ́n bíi tòní. Bí o bá gbé háàdì dísíkì sínú rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n. Ìwọ lo máa fi í hàn án, wàá tẹ nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣì, kọ̀ǹpútà á ní òun kò rí nǹkan kan, kò sì ní jí. Bátìrì kékeré kan ló ń jẹ́ kó máa rántí àwọn nọ́ńbà náà bí o bá pa á. Ti Àṣíátù ti kú, a kò sì rí irú rẹ̀ rà. Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti pa kọ̀ǹpútà yẹn, ó ti gbàgbé gbogbo ẹni tó mọ̀.

Ọ̀gá yí háàdì dísíkì tuntun sẹ́yìn, ó ń kà, èmi ń tẹ̀.

"Náìnì, síìsì, fáìfù," ó ké.

"Náìnì, síìsì, fáìfù," mo ké e tẹ̀lé e.

"Tẹ́ẹ̀nì."

"Tẹ́ẹ̀nì."

"Sẹfintíìn."

"Sẹfintíìn."

Bàbá gbé orí sókè lórí bẹ́ǹṣì. "Súrà wo nìyẹn?"

Àṣíátù fi gèlè bo ẹnu. "Nọ́ńbà ni, Bàbá."

"Ọ̀gá ké e dáadáa. Ọmọ Òkè-Oyì yẹn fà á jù."

Ọ̀gá di irin fèrèsé mú, ó gbé ògbólógbòó háàdì dísíkì náà lé àtẹ́lẹwọ́, ó tan iná, ó sì fi ọrùn ọwọ́ yí i fìrì bí ẹni tó fẹ́ ṣí ìgò tó le. Ó wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó yí títí tó fi da gbogbo rẹ̀ tán sínú tuntun. Àṣíátù rí orúkọ àwọn orí ìwé náà tí wọ́n tò sójú kọ̀ǹpútà, ó di ọwọ́ Bàbá mú.

"Ó pé," ó ní.

Ọ̀gá sọ fún wọn pé kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí a yọ ògbólógbòó, kí a sì de tuntun sí àyè rẹ̀. Ó pa á. Ní kété tí wọ́n lọ ni àwọn ará ìjọ rẹ̀ wá pè é. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Dè é síbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà. Má ṣe nǹkan mìíràn."

Mo fẹ́ dè é. Ṣùgbọ́n nǹkan náà dọ̀tí. Òróró àti eruku Èkó ló bo ara rẹ̀, ìwé ẹ̀yìn rẹ̀ ti pọ́n, etí rẹ̀ ti ká. Èmi Làmídì tí ń fọ irin tí ènìyàn ń rí eyín nínú rẹ̀, ṣé irú èyí ni mo máa dè sínú kọ̀ǹpútà olùkọ́? Ti nọ́ńbà inú ìwé náà kò kọ mí lóminú. A ti ké e. Kọ̀ǹpútà ti gbọ́ ọ. Ohun tí a bá sì ti ké tí kò ṣì, fífọ̀ ló kù. Mo bu kẹrosíìnì. Mo fọ̀ ọ́ bí mo ṣe ń fọ wàláà, títí ìwé náà fi di ẹ̀kọ lábẹ́ búrọ́ọ̀ṣì, mo nù ún, ó ń dán. Àkísà tí mo fi nù ún, mo fún ìyá alákàrà iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó fi dá iná.

Àṣíátù nìkan ló wá lọ́jọ́ kejì. Ó ní Bàbá ti wẹ̀, ó ti jókòó, ó ń dúró. Ọ̀gá tan kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà béèrè, bí ó ṣe máa ń béèrè, pé ta ni háàdì dísíkì yìí.

"Yọ ọ́ díẹ̀," Ọ̀gá ní. "Ka nọ́ńbà fún mi."

Mo yọ ọ́. Ìgbà yẹn ni inú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi ohun tí mo ṣe.

"Làmídì, ìwé ẹ̀yìn rẹ̀ dà?"

"Mo ti fọ̀ ọ́, sà."

"O ti ṣe kí ni?"

"Ó dọ̀tí, sà. A sì ti ké e lánàá."

Ọ̀gá rọra jókòó. Àṣíátù ń wo ojú rẹ̀. "Ṣé ó ti bàjẹ́ ni, Ọ̀gá Jòṣúà?"

"Kò bàjẹ́, ìyá mi. Gbogbo ọ̀rọ̀ Bàbá wà nínú rẹ̀. A ò kàn mọ orúkọ tí a máa fi pè é kó tó dáhùn."

Ó gbé ògbólógbòó náà, ó so ó, ó tún yí i. Ohùn tó jáde nínú rẹ̀ dà bíi yangí nínú ìkòkò. Ó pa iná kíá, ó gbé e sílẹ̀ bí ẹni gbé òkú. A wá bẹ̀rẹ̀ sí í rántí. Náìnì ló bẹ̀rẹ̀, ó dá mi lójú. Sẹfintíìn ló parí rẹ̀, ó dá Ọ̀gá lójú. Láàárín méjèèjì, igbó ńlá ló wà. Bí a bá dán ọ̀kan wò tí kò bá a mu, a ó pa kọ̀ǹpútà, a ó tún tan án, a ó tún tẹ òmíràn, bí wọn ò bá mú iná lọ. Etí méjì gbọ́ ọ lóòótọ́. Orí méjèèjì ló fi ara lé ìwé.

Àṣíátù kò bú mi. Ó ní òun ò mọ ohun tí òun máa sọ fún Bàbá.

"Ẹ má sọ nǹkan kan fún wọn," Ọ̀gá dáhùn. "Làmídì ló máa lọ sọ ọ́."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúkú nà mí."

"Nínà rọrùn. Máa lọ."

Mo tẹ̀lé Àṣíátù dé agboolé wọn. Bàbá jókòó lórí awọ àgbò, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo fẹnu sọ gbogbo rẹ̀ sí ilẹ̀, torí mi ò lè gbé ojú sókè sí ẹni tí kò tilẹ̀ ríran. Bàbá bi mí léèrè.

"Ṣé o lọ ilé kéwú?"

"Mo lọ, Bàbá."

"Ṣé o ti há a kí o tó fọ̀ ọ́?"

"Rárá, Bàbá."

"Ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ?"

"Kò sí ẹnì kankan, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ikọ́ gba ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀. "Dìde, kí o jókòó," ó ní. Ó da tẹ̀sùbáà sí itan, ó mì síwá, ó mì sẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké e: náìnì, síìsì, fáìfù, tẹ́ẹ̀nì, sẹfintíìn. Kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì ọ̀kan nínú wọn. Ó ké e bó ṣe gbọ́ ọ, ó tilẹ̀ fa ìparí rẹ̀ bí mo ṣe fà á, láti fi mí ṣẹ̀sín. Mi ò dúpẹ́. Eré ni mo sá láti ibẹ̀ dé Ọjà Tuntun, mo ń ké e lójú ọ̀nà, àwọn ènìyàn ń yà fún mi. Ọ̀gá tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà jí.

A gbé e lọ sílé Bàbá lórí ọ̀kadà, mo gbá a mọ́yà bí ọmọ ọwọ́. Àṣíátù kà á láti ìrọ̀lẹ́ títí oòrùn fi wọ̀. Ó dé ibi tí baba ńlá wọn ti gun ẹṣin wọ ìlú, Bàbá gbé ọwọ́ sókè.

"Kì í ṣe ẹṣin. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni. Ẹ má fi ẹṣin pọ́n wọn lé."

Àṣíátù tún un ṣe.

Láti ọjọ́ náà, òfin kan wọ ṣọ́ọ̀bù wa, èmi ni mo sì fà á: a máa ń fi ìṣó họ nọ́ńbà háàdì dísíkì sára irin inú kọ̀ǹpútà kí a tó dè é. Mo họ irin fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí mo gba fíríìdọ̀mù tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi lọ́nà Òkè-Oyì, àwọn ọmọ iṣẹ́ tèmi náà họ irin. Ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1990, háàdì dísíkì tuntun dé tó ń dárúkọ ara rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà láìbi í. Òfin tí mo fi ìtìjú rà di ohun tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń rẹ́rìn-ín sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú kọ̀ǹpútà dúdú tó kún fún ọ̀rọ̀ nìkan lọ, àwòrán dé, ohun tí wọ́n ń pè ní eku dé, wọ́n ń fi í tọ́ka dípò kí wọ́n tẹ̀wé. Mo kọ́ gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo kọ́ lánàá ò wúlò lónìí, mo tún kọ́ òmíràn. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́: ẹ má wo irin tí wọ́n fi ń ṣe é, nítorí irin á yí padà. Ẹ wo ọ̀gá tó máa kọ́ yín. Èyí tó lè jókòó tì yín, kó má jẹun, títí ẹ ó fi to súkúrúù yín tán, ẹ di irú wọn mú. Ọ̀gá Jòṣúà ti lọ sí ilé rẹ̀ ní Ọ̀mù-Àrán, ibẹ̀ ló sì ti sùn. Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Mo bọ́ bàtà kí n tó wọlé, àwọn ọmọ rẹ̀ rò pé nítorí kápẹ́ẹ̀tì ni.

Ó ku nǹkan kan. Ẹni tó bá bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ alààyè, alààyè á bá a jà. Ọ̀rọ̀ òkú ni kò ní olùgbèjà. Nítorí náà, mo gbọ́dọ̀ sọ èyí tí mo fẹnu ara mi dá.

Bàbá jókòó lórí bẹ́ǹṣì wa lóòótọ́, ó sì béèrè pé súrà wo ni. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ nílé rẹ̀. Ó bi mí bóyá mo há a kí n tó fọ̀ ọ́, ó bi mí pé ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu mi, ó sì rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni òótọ́ dúró sí. Kò ké nọ́ńbà kankan fún mi. Ó ní kí n dìde, ó ní kí Àṣíátù fún mi lómi mu, ó ní kí èmi àti ọ̀gá mi máa wá a lọ.

A ń wá a. Bí a bá ti parí iṣẹ́ oníbàárà, Ọ̀gá á ké ọ̀kan, màá tẹ̀ ẹ́, kò ní bá a mu, a ó pa á, a ó tún un tàn. Àṣíátù máa ń yà wò wá bí wọ́n bá ti jáde ilé ìwé, á wo ojú wa, á máa lọ. Ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Bàbá kú. Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀ kí kọ̀ǹpútà náà tó jí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti Ọ̀gá sì jókòó tì í, a ò lè yọ̀.

A gbé e lọ sí agboolé wọn. Àṣíátù kà á fún àwọn ọmọ ilé láti orí dé ìdí, kò sí ẹni tó gbé ọwọ́ sókè dá a dúró. Nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́sí, ibi tí ọ̀rọ̀ Bàbá kò bá ti yé e, ó máa ń fi àmì ìbéèrè síbẹ̀, kó lè bi í bí wọ́n bá ń kà á. Bó bá dé ibẹ̀, á kọjá. Wọ́n ti tẹ ìwé náà jáde báyìí, àwọn àmì náà wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan wà níbi tí baba ńlá wọn ti wọ ìlú. Ẹṣin ni o, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni o, mi ò mọ̀. Èmi ni mo fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sínú ìtàn yìí.